Ẹ̀gbọ́n mi ní n kì í ronú: báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni?

Ìbéèrè

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi fídíò kan ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí wa. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ká mi lára débi pé mi ò wò ó dópin kí n tó fi ránṣẹ́. Àfi bí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣe pè mí, ó ní fídíò ọ̀hún ti lé lọ́dún mẹ́ta, àti pé ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, òótọ́ ló sọ. Mo bẹ gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ tó wá sọ tẹ̀lé e ni kò kúrò lọ́kàn mi: "Ìwọ yìí, o kì í ronú. Ohun tó bá ṣáà ti bá tinú rẹ mu, o ti gbà á nìyẹn." Mo kàwé. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe gba làákàyè. Ọ̀nà wo lèèyàn lè gbà yẹ ìrònú ara rẹ̀ wò láìdúró de ẹni tó máa bú u? Tó bá sì jẹ́ òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi sọ, ṣé ó ṣì ṣeé tún ṣe lára ẹni tó ti lé lógójì ọdún?

*

Ó ṣeé yẹ̀ wò, ó sì ṣeé tún ṣe. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti yíyẹ̀wò.

Ìmọ̀ràn tẹ́ ẹ máa tètè gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé kẹ́ ẹ jókòó jẹ́ẹ́, kẹ́ ẹ wo inú ara yín, kẹ́ ẹ bi ara yín bóyá ẹ̀tanú wà níbẹ̀. Ó dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn. Ẹ rántí ìṣẹ́jú tẹ́ ẹ fi fídíò yẹn ránṣẹ́. Ṣé ó ṣe yín bíi pé irọ́ lẹ gbà gbọ́? Rárá. Ọkàn yín balẹ̀. Inú tiẹ̀ lè máa bí yín sí àwọn tí fídíò náà bá wí. Bí òótọ́ ṣe máa ń rí lára èèyàn náà ni irọ́ tó gbà gbọ́ ṣe ń rí lára rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá jókòó tẹ́ ẹ wo inú, ìbàlẹ̀ ọkàn yẹn kan náà lẹ máa bá níbẹ̀, á sì sọ fún yín pé kò séwu.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́: ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń báni rí tẹni. Lọ́dún 2002, Emily Pronin, Daniel Lin àti Lee Ross ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ṣàlàyé oríṣiríṣi ẹ̀tanú tó máa ń darí èrò ẹ̀dá, wọ́n ní kí àwọn èèyàn sọ bó ṣe pọ̀ tó lára wọn àti bó ṣe pọ̀ tó lára àwọn ẹlòmíì. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ní ó wà lára àwọn ẹlòmíì ju tòun lọ. Nígbà tó di 2012, Richard West, Russell Meserve àti Keith Stanovich wá wò ó bóyá ọpọlọ pípé ń gbani lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbani. Àwọn tí làákàyè wọn mú kò bọ́ nínú ẹ̀, tiwọn tiẹ̀ fẹ́ pọ̀ díẹ̀ sí i. Torí náà, "mo kàwé, iṣẹ́ mi gba làákàyè" tẹ́ ẹ sọ yẹn, mo gbà yín gbọ́, àmọ́ kò dáhùn ìbéèrè yín.

Èyí tí mo gbà, tí màá sì máa padà sí, ni pé kẹ́ ẹ gbé ìrònú yín síta, síbi tí ojú ti lè tó o, kí àbájáde ọ̀rọ̀ tó hàn. Tó bá ti hàn tán, ẹnu á ti yí padà.

*

"Kó lọ ṣe ìdánwò." Èyí náà wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn.

Ìdánwò wà lóòótọ́, díẹ̀ nínú wọn sì dára. Shane Frederick kọ ọ̀kan jáde lọ́dún 2005, ìbéèrè mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn nìyí: ewé kan ń tàn kálẹ̀ lójú adágún odò, ìlọ́po méjì ló ń fi fẹ̀ sí i lójoojúmọ́. Bó bá gbà á ní ọjọ́ 48 kó tó bo gbogbo adágún náà, ọjọ́ mélòó ló máa fi bo ìdajì rẹ̀?

24 ló máa ń sáré bọ́ síni lẹ́nu. 47 ni ìdáhùn, torí pé ọjọ́ tó bá bo ìdajì, ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó bá mọ́, ó ti di ìlọ́po méjì, adágún ti kún nìyẹn. Àwọn tó lé ní 3,400 ló dáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló pọ̀ jù nínú wọn. Ìdá 17 nínú 100 ló gba gbogbo rẹ̀. Ìdá 33 kò gba ẹyọ kan.

Ohun tí irú ìdánwò yìí ń wò ni bóyá èèyàn lè fi ahọ́n mú ìdáhùn àkọ́kọ́ dúró, kó tún un wò kó tó jẹ́ kó jáde. Nǹkan ńlá ni. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń bínú nítorí ewé. Kò sẹ́ni tí ewé bú bàbá rẹ̀. Fídíò yín kan ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn tàbí ẹni tí ẹ ò fẹ́ rí, ibẹ̀ gan-an sì ni làákàyè wa ti máa ń fi ipò adájọ́ sílẹ̀ lọ di agbẹjọ́rò.

Dan Kahan àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi èyí wò lọ́dún 2013. Nọ́ńbà kan náà ni wọ́n fún àwọn ará Amẹ́ríkà láti ṣírò. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé nọ́ńbà òògùn ìpara ni. Wọ́n sọ fún àwọn yòókù pé nọ́ńbà òfin ìbọn ni. Nígbà tó jẹ́ òògùn, àwọn tó mọ ìṣirò ṣe dáadáa jù. Nígbà tó di ìbọn, ẹgbẹ́ òṣèlú tí kálukú wà ló bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn fún un, àwọn tó mọ ìṣirò jù ló sì pín sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ jù. Kì í ṣe gbogbo àwọn tó tún ìwádìí náà ṣe lẹ́yìn wọn ló rí i tó bẹ́ẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí lára ara mi kò jìnnà sí i. Èmi gba ìbéèrè Frederick mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo dá ẹnì kan lẹ́bi ohun tí kò ṣe, màá sọ ọ́ tó bá yá.

*

Kí n tó débẹ̀, ohun kan wà tẹ́ ẹ lè ṣe lálẹ́ òní, kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Ẹ mú bébà àti bírò, kẹ́ ẹ ya kẹ̀kẹ́ ológeere. Kò pọn dandan kó lẹ́wà, ó ṣáà gbọ́dọ̀ jẹ́ kẹ̀kẹ́ tó lè rìn.

Mo ṣe é. Láti kékeré ni mo ti ń gun kẹ̀kẹ́. Mo ya táyà méjì, mo ya ìjókòó, mo ya ọwọ́ tí wọ́n fi ń darí rẹ̀. Ìgbà tó kan ṣéènì, bírò mi dúró. Ibo ló ń gbà lọ gan-an? Mo fà á láti àárín táyà iwájú lọ sí àárín táyà ẹ̀yìn, mo fi pẹ́dálì sáàárín, mo wá ń wò ó. Ó jọ kẹ̀kẹ́. Ọmọ àbúrò mi tó dúró lẹ́yìn mi ló ní, "Ẹ̀gbọ́n, báwo ló ṣe máa yà sọ́tùn-ún?" Mo wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Òótọ́ ni. Tí ṣéènì bá so táyà méjèèjì pọ̀, tiwájú ò lè yí. Mo ti ń gun nǹkan yìí fún ọgbọ̀n ọdún, mi ò mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ohun tó sì kó ìrònú bá mi ni pé kí n tó mú bírò, tẹ́ ẹ bá bi mí, màá ní mo mọ̀ ọ́n, mi ò ní parọ́ mọ̀ọ́mọ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe irú àṣìṣe ṣéènì yìí. Rebecca Lawson ní Yunifásítì Liverpool kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 2006. Ṣáájú rẹ̀, lọ́dún 2002, Leonid Rozenblit àti Frank Keil ní Yale ti béèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe mọ iṣẹ́ síìpù, kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn àti irú àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ tó. Wọ́n ní kí wọ́n fún ara wọn ní máàkì. Wọ́n wá ní ó yá, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn àlàyé, wọ́n tún ní kí wọ́n fún ara wọn ní máàkì. Máàkì kejì já wálẹ̀.

Ìdí tí mo fi sọ ọ́ ni pé ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ tí a bá ń jiyàn lórí owó orí, lórí àjẹsára, lórí bí ó ṣe yẹ kí wọ́n tọ́ ọmọ. Èrò wa le bí òkúta, ṣùgbọ́n tẹ́nì kan bá ní "ṣàlàyé fún mi bó ṣe máa ṣiṣẹ́, látorí èyí bọ́ sórí ìyẹn," bírò á dúró níbi ṣéènì. Ibi tí bírò bá ti dúró, ibẹ̀ ni ìmọ̀ yín parí sí. Ẹ fàmì sí i.

*

Ìwé kékeré ló kàn. Òun ni ìdáhùn gidi tí mo ní sí ìbéèrè yín, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Ẹ ra ìwé tó lè wọ àpò. Nígbàkígbà tí ọkàn yín bá sọ pé ohun báyìí máa ṣẹlẹ̀, tàbí pé báyìí lọ̀rọ̀ rí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ kọ déètì sí i. Ẹ wá kọ bó ṣe dá yín lójú tó, láti orí 5 sí 10. 5 túmọ̀ sí pé ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. 9 túmọ̀ sí pé tí mo bá sọ irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló máa rí bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa ṣí i padà.

Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tẹ́lòmíì lè yẹ̀ wò. "Nǹkan máa le" kò dáa, torí kò sọ́jọ́ téèyàn ò lè ní nǹkan le. "Wọn ò ní parí iṣẹ́ yìí kó tó di ọjọ́ 15 oṣù tó ń bọ̀" dáa.

Àwọn kan á ní kí ni ti kíkọ, ṣebí orí wọn pé, wọ́n á rántí. Wọn ò ní rántí. Kí Nixon, ààrẹ Amẹ́ríkà, tó lọ sí Ṣáínà àti Mọsiko (Moscow) lọ́dún 1972, Baruch Fischhoff àti Ruth Beyth ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ísírẹ́lì fi nọ́ńbà sí oríṣiríṣi ohun tó lè tìdí ìrìn àjò náà yọ. Lẹ́yìn tó lọ tó bọ̀, wọ́n ní kí wọ́n rántí nọ́ńbà tí wọ́n kọ. Ohun tí wọ́n gbà pé ó ti ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n rántí máa ń ga ju èyí tí wọ́n kọ gan-an lọ. Ọdún 1975 ni ìwádìí náà jáde. Kò sẹ́ni tó gbà wọ́n níyànjú láti parọ́. Ọkàn ló tún ìtàn náà ṣe fún wọn, wọ́n sì gbà á. "Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀" tá à ń sọ káàkiri, èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀ ni a ò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Àwọn tó ń sọ bójú ọjọ́ ṣe máa rí ti ń fi nọ́ńbà wọn wọn ara wọn tipẹ́. Glenn Brier tó wà nílé iṣẹ́ ojú ọjọ́ Amẹ́ríkà kọ ọ̀nà ìṣirò rẹ̀ jáde lọ́dún 1950. Kò yẹ kó jẹ́ àwọn nìkan.

Ẹ wá gbọ́ tèmi. Oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́, mo kọ nǹkan 61. Nínú wọn, mo fún 20 ní 9. Ìgbà tí mo kà wọ́n, 13 ló rí bí mo ṣe sọ. 18 ló yẹ kó jẹ́. Mo jókòó ti ìwé náà pẹ́. Mo wá lọ wo méje tó kù díẹ̀ káàtó yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, márùn-ún nínú wọn jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa ohun tó wà lọ́kàn ẹlòmíì: "ó ń bínú sí mi," "kò fẹ́ kí n mọ̀," irú ẹ̀.

Èyí tí mo ṣèlérí láti sọ wà lára wọn. Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù sí ẹnì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́, mo ní kó bá mi fi àkọsílẹ̀ kan ránṣẹ́ kíákíá. Ọjọ́ mẹ́ta, kò fèsì. Lọ́jọ́ kẹrin a pàdé lẹ́nu ọ̀nà, ó kí mi wẹ́rẹ́, ó kọjá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀rí jọ. Mo rántí ìpàdé kan tí mo ti ta ko ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo rántí pé lẹ́nu àìpẹ́ yìí kì í bá mi rẹ́rìn-ín mọ́. Gbogbo rẹ̀ bára mu, kò síbi tó ti jò. Mo kọ ọ́: "Ó mọ̀ọ́mọ̀ ń dá mi dúró ni. 9." Mo tiẹ̀ ti sọ fún ẹlòmíì. Lọ́jọ́ kẹfà, mo ṣí fóònù kí n lè fi ọ̀rọ̀ ọ̀hún han ẹni tí mò ń sọ fún, kó rí i pé mi ò parọ́. Àmì pupa kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò lọ. Láti ọjọ́ kìíní, ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́wọ́ mi.

Ó dùn mí gan-an, pàápàá torí ẹni tí mo ti sọ fún. Mo lọ bá a, mo tún ọ̀rọ̀ náà sọ bó ṣe rí. Láti ọjọ́ yẹn, ohunkóhun tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ inú ẹlòmíì, mi ò ń kọ ju 6 lọ àfi tí mo bá ti bi í léèrè. Mi ò bá má mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni mo ti ń ṣìnà. Bí mo bá wo inú ara mi fún ọdún mẹ́wàá, mi ò ní rí i. Ojú ìwé ló fi hàn mí.

*

Ẹnì kan bi mí pé: "Ṣùgbọ́n ọkàn mi kì í tàn mí. Ohun tó bá ti sọ fún mi, bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí."

Ó lè jẹ́ òótọ́, ó sinmi lórí ohun tí ọkàn ń sọ̀rọ̀ lé. Daniel Kahneman àti Gary Klein, tí èrò wọn ta kora lórí ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, jókòó pọ̀ kọ àpilẹ̀kọ kan lọ́dún 2009. Ibi tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé ọkàn ṣeé gbára lé níbi tí nǹkan ti ń lọ létòlétò, tí èèyàn sì ti ń tètè rí èsì ohun tó ṣe. Panápaná tó ti wọ iná lọ́pọ̀ ìgbà lè mọ̀ pé ilẹ̀ tóun dúró lé fẹ́ já, láìmọ bí òun ṣe mọ̀ ọ́n. Nọ́ọ̀sì tó ti tọ́jú ọ̀pọ̀ ìkókó lè wo ojú ọmọ kó mọ̀ pé ara rẹ̀ ò yá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ ohun tí ọrọ̀ ajé máa dà ní ọdún márùn-ún sí i, ta ló ń jẹ́ kó mọ ìgbà tó ṣì í? Ẹni tó bá ní ọkàn òun kì í tan òun, ẹ ní kó mú ìwé kékeré wá.

*

Ẹ jẹ́ ká padà sórí fídíò, torí òun ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Wọ́n á ní kẹ́ ẹ máa fara balẹ̀ wo nǹkan fínnífínní. Mi ò gbà. Ẹ lè fara balẹ̀ wo irọ́ tí wọ́n ṣe dáadáa fún wákàtí kan, ṣe lẹ ó túbọ̀ gbà á. Sam Wineburg àti Sarah McGrew ní Stanford kó onímọ̀ ìtàn 10, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wọn 25, àti àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ yíyẹ ìròyìn wò 10 jọ, wọ́n fún wọn ní àwọn ojú ewé orí íntánẹ́ẹ̀tì láti ṣàyẹ̀wò. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúró sójú kan, wọ́n ń kà á láti òkè délẹ̀, wọ́n ń wo bó ṣe rẹwà àti orúkọ tó wà lórí rẹ̀. Àwọn ayẹ̀ròyìnwò kì í pẹ́ níbẹ̀. Kíá ni wọ́n ń fi ojú ewé náà sílẹ̀ lọ béèrè níbòmíràn pé ta ló ni ín, kí ni àwọn ẹlòmíì ń sọ nípa rẹ̀. Àwọn ló yára jù, ìdáhùn tiwọn ló sì tọ̀nà jù. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Fídíò náà ẹnì kan ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ béèrè. Ẹ ya àwòrán kan nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ fi wá àwòrán tó jọ ọ́ lórí Google, nígbà púpọ̀ ẹ máa rí ọjọ́ tó kọ́kọ́ jáde.

Ìbéèrè kan tún wà tí mo fi ń bá ara mi jà: tó bá jẹ́ ẹni tí mo fẹ́ràn ni fídíò yìí bá wí, ṣé ẹ̀rí yìí máa tó mi? Ẹ yí orúkọ inú rẹ̀ padà lọ́kàn yín. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé "ta ló ya á, nígbà wo, kí ló ṣẹlẹ̀ ṣáájú," a jẹ́ pé ìbéèrè wọ̀nyẹn ló yẹ kẹ́ ẹ ti bi èyí tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́.

Ó ṣòro fún wa láti wá ohun tó máa já wa nírọ́. Peter Wason fi eré nọ́ńbà kan hàn án lọ́dún 1960, mo sì ti fi wo àwọn èèyàn mi. Mo ní: 2, 4, 6, nọ́ńbà mẹ́ta yìí bá òfin kan tó wà lọ́kàn mi mu. Ẹ máa mú mẹ́ta mẹ́ta wá, màá máa sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, títí ẹ ó fi mọ òfin náà. Àbúrò mi ní 8, 10, 12. Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní 20, 22, 24. Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní 100, 102, 104. Bẹ́ẹ̀ ni. Ojú rẹ̀ ti ń dán: "Kẹ́ ẹ máa fi méjì méjì kún un!" Bẹ́ẹ̀ kọ́. Òfin náà kò ju pé kí nọ́ńbà máa ga sí i lọ. 1, 2, 3 ì bá ti tú u fó. Ó kàn ń mú ohun tó mọ̀ pé mo máa ní bẹ́ẹ̀ ni sí wá ṣáá, gbogbo bẹ́ẹ̀ ni tó sì gbọ́ ń fi kún ìgboyà rẹ̀ lórí ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Charles Darwin sọ nínú ìtàn ìgbésí ayé tó kọ nípa ara rẹ̀ pé ohunkóhun tóun bá bá pàdé tó ta ko èrò òun, kíá lòun ń kọ ọ́ sílẹ̀, torí òun ti rí i pé irú ẹ̀ ló ń tètè sá lọ lọ́kàn ju èyí tó gbè é lẹ́yìn. Ẹ ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún irú ẹ̀ lẹ́yìn ìwé kékeré yín.

*

Àwọn tó ní kẹ́ ẹ lọ kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì, tàbí kẹ́ ẹ máa yanjú àlọ́ lórí fóònù kí ọpọlọ lè mú: ẹ ṣe é tó bá dùn mọ́ yín. Àtọdún 1901 ni Edward Thorndike àti Robert Woodworth ti fi hàn pé ohun téèyàn fi kọ́ra níbì kan kì í fi bẹ́ẹ̀ bá a dé ibòmíràn tí kò jọ ọ́. Ẹni tó mọ ṣẹ́ẹ̀sì mọ ṣẹ́ẹ̀sì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa ronú dáadáa lórí ọ̀rọ̀ ẹbí, owó àti ìròyìn, orí ọ̀rọ̀ ẹbí, owó àti ìròyìn náà lẹ ó ti kọ́ ọ.

*

Ìbéèrè kan tún wọlé: "Ṣé gbogbo nǹkan lèèyàn á wá máa rò báyìí? Èyí á dáni dúró, á tún sọni di ẹni tí kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́."

Ìbẹ̀rù tó tọ́ ni, mo sì ti rí àwọn tó bọ́ sínú ẹ̀. Ohun méjì ni mò ń wò. Tí mo bá ṣì í, ṣé ó ṣeé tún ṣe? Tí mo bá ṣì í, ta ló máa jìyà ẹ̀? Aṣọ tí mo máa wọ̀ lónìí ò gba ìwé kékeré. Ẹ̀sùn tí mo fẹ́ fi kan èèyàn gbà á, torí ọ̀rọ̀ tó bá ti jáde lẹ́nu kò ṣeé dá padà. Ohun tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí èèyàn ogójì náà gbà á. Ẹni tí kò sì gba ẹnikẹ́ni gbọ́ kò ronú ju ẹni tó gba gbogbo nǹkan gbọ́ lọ, àwọn méjèèjì ti dájọ́ kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́. Ohun tó lè jẹ́ òótọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú mẹ́wàá yàtọ̀ sí ohun tí kò lè jẹ́ òótọ́ rárá.

*

Ẹni tó béèrè tún kọ̀wé: "Ẹ ṣé gan-an. Mo ti ra ìwé. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, ó ní òun náà máa ṣe é. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé a jọ ń jókòó kọ ọ́ ni, tí mo bá ti gbọ́ 8 tiẹ̀, tèmi náà á di 8. Kí la máa ṣe? Ẹ ò sì tíì dá mi lóhùn lórí ti ọjọ́ orí."

Ẹ ò gbọ́dọ̀ gbọ́ ti ara yín kẹ́ ẹ tó kọ tiyín. Kí kálukú kọ nọ́ńbà rẹ̀ sórí bébà tirẹ̀, kó ká a, kẹ́ ẹ tó ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà. Àgbà ni ẹ̀gbọ́n yín, ó yẹ kẹ́ ẹ bọ̀wọ̀ fún un, àmọ́ ẹ fi ọ̀wọ̀ náà síbi àlàyé, ẹ má fi síbi nọ́ńbà. Tí tiẹ̀ bá jẹ́ 8 tí tiyín jẹ́ 5, ohun tó wà láàárín 5 àti 8 lẹ máa jíròrò: kí lòun mọ̀ tẹ́yin ò mọ̀? Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó bá fẹ́ yí tirẹ̀ padà lè yí i, ṣùgbọ́n kó fa ìlà gba orí èyí àkọ́kọ́, kó má pa á rẹ́.

Ní ti ọjọ́ orí, láàárín 2011 sí 2015, Philip Tetlock àti Barbara Mellers darí iṣẹ́ ńlá kan tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn àgbàlagbà ti ń sọ tẹ́lẹ̀ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ láyé, tí wọ́n sì ń fi ọ̀nà Brier wọn wọ́n. Àwọn tí wọ́n fún ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bíi wákàtí kan péré fi nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 sàn ju àwọn tí wọn ò fún lọ. Àwọn tó ṣe dáadáa jù ni àwọn tó ń padà síbi nọ́ńbà wọn léraléra, tí wọ́n ń fi díẹ̀díẹ̀ sún un sókè sódò bí ìròyìn ṣe ń wọlé. Ogójì ọdún ò dí èyíkéyìí nínú ìyẹn lọ́wọ́.

Tó bá di oṣù mẹ́ta, ẹ ka gbogbo 9 yín, ẹ wo iye tó rí bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi. Tèmi tí mo kà lóṣù tó kọjá jẹ́ 16 nínú 20. Méjì nínú mẹ́rin tí mo ṣì náà ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ inú ẹlòmíì.